Olùdarí Tó Yọ Gíláàsì Ọkọ̀ Gbogbo Ìlú

Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ràn orúkọ oyè rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Olùdarí Àgbà ni wọ́n fi í ṣe ní ilé-iṣẹ́ tó ń mójú tó ọkọ̀ àti ojú títì. Ẹni tó wà níbẹ̀ kó tó dé ṣe iṣẹ́ náà títí ó fi darúgbó, ó sì fẹ̀yìn tì láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ orúkọ rẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Kí àga tó gbóná lábẹ́ ìdí rẹ̀, ó ti fa oyè náà gùn bí ẹni fa rọ́bà: Olùdarí Àgbà, Alákòóso Gbogbo Ohun Tó Ń Yí Gbirigbiri, Ojú Tí Ìlú Fi Ń Ríran. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é lórí fóònù, akọ̀wé ní láti kọ́kọ́ ka gbogbo rẹ̀ sí onítọ̀hún létí. Kó tó kà á tán, ẹni tó pè á ti gé fóònù rẹ̀, á ti bá tirẹ̀ lọ. Bí kò bá sí nítòsí, Gbirigbiri ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Bẹ́ẹ̀ náà la ó ṣe máa pè é níbí, torí ìwé ti wọ́n.

Láràárọ̀, bí ọkọ̀ Gbirigbiri bá ti yọ sí ẹnu géètì, àwọn òṣìṣẹ́ á tò láti ibẹ̀ títí dé orí àtẹ̀gùn. Ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ẹnì kejì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣí i. Ṣùgbọ́n ọ̀gá gbogbo wọn ni akọ̀wé àgbà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀-ni-sà. Orí mímì ti mọ́ ọn lára débi pé bó bá sùn lọ lórí àga, orí náà ò sinmi. Bí Gbirigbiri bá wúkọ́, Bẹ́ẹ̀-ni-sà á fò dìde.

"Sà, ikọ́ tòní yìí jinlẹ̀! Ẹni tí kò kàwé kò lè wúkọ́ báyìí."

"O gbọ́ ìparí rẹ̀?"

"Mo gbọ́ ọ, sà. Omi bọ́ lójú mi."

Gbogbo èyí ì bá máa lọ bẹ́ẹ̀ láìpa ẹnikẹ́ni lára, bí kì í bá ṣe ti ojú. Ojú Gbirigbiri ti ń ṣe bàìbàì. Ohun tó bá ti jìnnà sí i díẹ̀ á máa wú bíi fùlùfúlù, á sì máa wọnú ara wọn. Ìyàwó rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́, ti rí i tipẹ́.

"Bàbá àwọn ọmọ," ìyàwó náà sọ lọ́jọ́ kan, "ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà ojú. Lánàá ẹ kí ẹ̀wù òtútù tó wà lára ìkọ́, ẹ tún béèrè àlàáfíà àwọn ará ilé rẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀wù ni. Ọmọlúwàbí ni mí, kò sóhun tí mi ò lè kí."

"Awò ojú kì í ṣe àrùn o."

"Kí n wá gbé awò sójú, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa wò mí bíi òwìwí?" Gbirigbiri na ọrùn sókè. "Gbọ́, ìyá àwọn ọmọ. Ojú Olùdarí kì í ṣe bàìbàì. Ohun tí Olùdarí ń wò ló lè ṣe bàìbàì."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Inú rẹ̀ ni gbogbo wàhálà ìlú ti jáde.

Iwájú ọkọ̀ ni Gbirigbiri máa ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, kí àwọn ará ìlú má bàa ṣàìrí ojú rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, wọ́n dé oríta tí wọ́n gbé pátákó ńlá kan sí. Gbirigbiri fúnra rẹ̀ ló ṣí aṣọ lójú pátákó náà, oyè rẹ̀ ló sì kún orí rẹ̀ bámúbámú. Ó gbójú sókè kó kà á bó ṣe máa ń ṣe. Kò rí nǹkan kan ju funfun lọ.

"Dúró! Ta ló pa orúkọ mi rẹ́?"

Awakọ̀ náà, àgbàlagbà tó ti ń wakọ̀ kí Gbirigbiri tó mọ sòkòtò ara rẹ̀ wọ̀, wo pátákó. "Kò sẹ́ni tó pa á rẹ́, sà. Ó wà níbẹ̀ gàdàgbà."

"Kí ló dé tí mi ò rí i?"

Ìbéèrè ikú nìyẹn. Awakọ̀ ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́, ó sì mọ ohun tó ṣe awakọ̀ tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. "Ó lè jẹ́ ìkùukùu, sà," ló sọ.

"Níbo ni ìkùukùu wà nínú oòrùn yìí?"

"Bóyá... bóyá lára gíláàsì, sà."

Ọ̀rọ̀ bọ́ létí ẹni tó ń wá a. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, wọ́n yọ gíláàsì iwájú ọkọ̀ náà, wọ́n fi tuntun síbẹ̀. Gbirigbiri wò ó, ó ní bàìbàì ni. Wọ́n tún gbé òmíràn wá láti ọ̀dọ̀ oníṣòwò mìíràn; òun náà bàìbàì. Ó pàṣẹ kí wọ́n gbé èyí tó wọ́n jù lọ láyé wá. Wọ́n gbé e dé, ó mọ́ débi pé ẹyẹ kan fò wá fi orí sọ ọ́. Gbirigbiri wo inú rẹ̀, ó mi orí. Ó pe ìpàdé.

"Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi," ló fi bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń ró bíi ti ẹni tó wà nínú àgbá, "ọ̀tá kan ti wà láàrin àwa àti ojú títì láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ojoojúmọ́ là ń wò ó, òun náà ń wò wá, kò sì sẹ́ni tó fura. Gíláàsì iwájú ọkọ̀ ni! Ẹ sọ òtítọ́ fún mi: ṣé ẹ ń ríran nínú rẹ̀?"

Bẹ́ẹ̀-ni-sà ti dìde kí ìbéèrè tó parí. "Sà, mo ti ń bò ó mọ́ra ni. Láti bí ọjọ́ mélòó kan, èmi ò rí nǹkan kan mọ́ nínú ọkọ̀. Mo ń wakọ̀ mi bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn."

Akápò ò fẹ́ kí wọ́n fi òun sẹ́yìn. "Èmi ò rí kọjá imú mi, sà."

"Èmi ò tiẹ̀ rí imú," ni ẹni tó ń bójú tó ohun èlò sọ.

Báyìí ni wọ́n ń fọ́jú lọ́kọ̀ọ̀kan yí tábìlì ká, títí ó fi kan obìnrin ẹnjiníà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi iṣẹ́. Ó ní, "Sà, bí gbogbo wa ò bá ríran nínú ọkọ̀, báwo la ṣe wakọ̀ débí lónìí?"

Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti gbé obìnrin náà lọ sí ẹ̀ka tó ń ka òpó iná létí ìlú.

Àṣẹ jáde lórí rédíò: kí gbogbo ọlọ́kọ̀ yọ gíláàsì iwájú ọkọ̀ wọn, kí wọ́n kó o wá sí ọgbà ilé-iṣẹ́, títí ìjọba yóò fi ṣe irú mìíràn jáde tí wọn yóò máa pè ní Gíláàsì Olóòótọ́. Ọlọ́kọ̀ tó bá kọ̀, wọn á gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Gíláàsì wá ń gun orí ara wọn nínú ọgbà, ó di òkè tó ń tàn yanran nínú oòrùn.

A kì í mọ iṣẹ́ tí ilẹ̀kùn ń ṣe títí wọ́n fi máa yọ ọ́ kúrò. Gíláàsì iwájú ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ló ń gba òkò fún wa, òun ló ń gba eruku àti kòkòrò, òun náà ló ń ran òrùlé ọkọ̀ lọ́wọ́ kó má wó lé wa lórí. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú ìlú náà. Awakọ̀ takisí kan ya ẹnu láti kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gbé tata mì. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ kó búrẹ́dì gbé búrẹ́dì pupa dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà. Wọ́n rò pé adùn tuntun ni eruku náà. Bàbá kan fi ìdérí ìkòkò bojú, ó ń yọjú lápá ọ̀tún, ó ń yọjú lápá òsì, bí ẹni tó ń bá ọmọ kékeré ṣeré. Òjò ọjọ́rú pa àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ju àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Ọkọ̀ kékeré kan ṣubú sínú kòtò, òrùlé rẹ̀ ká wọlé bíi páálí. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ jáde láàyè, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ tẹ̀ sápá kan, kò sì rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló ń wò lápá ibẹ̀.

Gbirigbiri ńkọ́? Òun náà yọ ti ọkọ̀ tirẹ̀. Ó ní kí olórí ṣáájú. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n jáde láìsí gíláàsì, ó jókòó, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó la ojú méjèèjì rekete kó lè rí ayé bí Elédùmarè ṣe dá a.

Bàìbàì.

Ó ṣẹ́jú. Ó na ọwọ́ síwájú síbi tí gíláàsì yẹ kó wà. Ọwọ́ náà kọjá lọ gbọnrangandan, atẹ́gùn ń fẹ́ láàrin ìka rẹ̀. Kò sí nǹkan kan láàrin òun àti ojú títì mọ́, síbẹ̀ àwọn igi ń yọ́ mọ́ ilé, àwọn ilé ń yọ́ mọ́ ọ̀run. Ó mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò mọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ló mọ̀.

"Ṣé ẹ ti wá ń rí i dáadáa báyìí, sà?" awakọ̀ bi í, ojú tirẹ̀ pọ́n fún eruku.

Gbólóhùn kan péré ì bá ti tó: mo ṣì í. Gbirigbiri gbé e dé ẹnu, ó bá gbogbo oyè rẹ̀ tí wọ́n jókòó síbẹ̀, kò ráyè kọjá.

"Kedere," ló dáhùn. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó ní atẹ́gùn ni.

Láti ọjọ́ náà, ńṣe ló túbọ̀ ń le koko. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí rédíò gùn sí i, ó sì ń bú gíláàsì bí ẹni tí gíláàsì gba ìyàwó rẹ̀. Igbe àwọn ará ìlú wá dé etí Mínísítà. Ìròyìn kàn pé Mínísítà ń bọ̀ wá fi ojú ara rẹ̀ rí òkè gíláàsì náà. Ayọ̀ gba Bẹ́ẹ̀-ni-sà. Ó ta àtíbàbà, ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn gíga kan dúró, ó fi aṣọ funfun bò ó kí eruku má bàa wọ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ náà, Gbirigbiri wọ kóòtù dúdú, ó wà níwájú pẹ̀lú awakọ̀. Bẹ́ẹ̀-ni-sà wà lẹ́yìn, ó ń ka ọ̀rọ̀ ìkíni sókè. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń sáré lọ níwájú wọn. Táyà rẹ̀ ta òkúta kan. Irú òkúta yìí, bí gíláàsì bá wà níbẹ̀, á kàn dún kàì ni, awakọ̀ á pòṣé, á máa lọ. Gíláàsì ò sí. Òkúta náà wọlé tààrà, ó ba awakọ̀ lókè ojú. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Orí ló kó o yọ tó fi rí ọkọ̀ náà dá dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì.

"Ojú mi! Ẹ gbé mi lọ ilé ìwòsàn, ẹ jọ̀ọ́, sà!"

Gbirigbiri wo aago. "Mínísítà ti dé. Nọ́ọ̀sì máa wà níbẹ̀." Ó yíjú sẹ́yìn. "Akọ̀wé, bọ́ síwájú, kí o wakọ̀."

Ojú Bẹ́ẹ̀-ni-sà mọ́ kedere bíi ti àṣá, ó sì mọ ọkọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ó rántí ohun tó fẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú gbogbo ìpàdé. "Sà, ẹ rántí pé èmi ò ríran. Ẹ̀yin nìkan lojú yín là."

Wọ́n gbé awakọ̀ sẹ́yìn, ó fi táì Bẹ́ẹ̀-ni-sà di egbò rẹ̀ mú. Gbirigbiri gba sítíárìn. Bẹ́ẹ̀-ni-sà jókòó tì í. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni mutí.

"Kí lèyí níwájú wa?" Gbirigbiri béèrè.

"Ohun tí ẹ bá rí, sà, òun ló wà níbẹ̀."

"Mo ní ṣé èèyàn ni tàbí òpó!"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù, sà."

"Òpó ni."

"Òpó gidi ni, sà! Irú òpó báyìí ṣọ̀wọ́n."

Òpó náà figbe ta, ó sọ fèrè ẹnu rẹ̀ nù, ó bẹ́ sínú gọ́tà. Ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀ ni.

"Ó dà bíi pé òpó yẹn pariwo."

"Ó ń kí yín ni, sà."

"Ẹ̀yin èèyàn yìí ó pa mí o!" awakọ̀ kígbe láti ẹ̀yìn. "Akọ̀wé, sọ ohun tí o rí fún un!"

Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń gba bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ẹ̀ ni láti ọjọ́ pípẹ́, bẹ́ẹ̀ kọ́ ti di èdè àjèjì lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n dé ọgbà ilé-iṣẹ́.

"Ṣé ẹnu géètì nìyẹn?"

"Ibi tí ẹ bá gbà wọlé, sà, ibẹ̀ ni géètì."

Inú ọgbà òdòdó ni wọ́n gbà wọlé. Nǹkan kan ń tàn lọ́ọ̀ọ́kán. Gbirigbiri rò pé ojú ọ̀run ni, ó sì fẹ́ tẹ bíréèkì kó lè dúró níyì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bá èkejì, èyí tó ń mú ọkọ̀ sáré. Ọkọ̀ ké, ó fò, ó sì wọ àárín òkè gíláàsì gbàgà!

Gbogbo èèyàn di ojú. Ṣùgbọ́n gíláàsì iwájú ọkọ̀ kì í fọ́ bíi ife ìmumi. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó so ó pọ̀. Ó sán káàkiri bí òwú aláǹtakùn, kò sì fọ́n ká. Pẹlẹbẹ lórí pẹlẹbẹ, wọ́n tẹ̀, wọ́n sì gba ọkọ̀ náà mọ́ra bíi tìmùtìmù. Ohun tí Gbirigbiri bà lórúkọ jẹ́ fún odidi oṣù kan, òun náà ló gba ẹ̀mí rẹ̀ là.

Ó jáde. Tata kan wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Ó gbọn kóòtù rẹ̀, ó wò yíká, ó rí ẹnì kan tó ga, tó wọ funfun, tó dúró láìmira bí ọlọ́lá. Ó rìn lọ bá a, ó tẹrí ba dé orúnkún.

"Mínísítà wa ọ̀wọ́n, ẹ kú àbọ̀ sí ìlú tí ojú rẹ̀ ti là!"

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ò dáhùn. Obìnrin kan tó wọ aṣọ lásán súnmọ́ ọn. "Ẹ̀jẹ̀ wà lára ẹni tó wà nínú ọkọ̀ yín," ló wí.

"Ìyá, ẹ yà fún wa. Ṣé ẹ ò rí i pé mò ń bá Mínísítà sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni Mínísítà."

Ẹnì kan sín ẹ̀rín. Mínísítà ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó pe awakọ̀ tirẹ̀ kó gbé ẹni tó fara pa lọ ilé ìwòsàn kíákíá, ó dúró títí ọkọ̀ náà fi jáde. Lẹ́yìn náà ló tọ́ka sí aṣọ gbàgàdà kan tí àwọn awakọ̀ ìlú dì mú létí ọgbà. "Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún mi."

Gbirigbiri ò ronú lẹ́ẹ̀mejì. "Wọ́n kọ ọ́ pé: Àwa awakọ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Olùdarí Àgbà, Alákòóso Gbogbo Ohun Tó Ń Yí..."

Ẹ̀rín bú gbàù. Mínísítà yíjú sí akọ̀wé. "Ìwọ ńkọ́?"

Bẹ́ẹ̀-ni-sà wo Gbirigbiri. Ó wo Mínísítà. Ó wọn àwọn méjèèjì wò. Ojú rẹ̀ sì là lẹ́ẹ̀kan náà. "Wọ́n kọ ọ́ pé: Ẹ dá gíláàsì wa padà, ojú ń ta wá. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ orúkọ ẹni tó kun aṣọ náà, mà, pẹ̀lú àdírẹ́sì rẹ̀."

"Nínú gbogbo ohun tó wà láàrin yín àti aṣọ yẹn," Mínísítà sọ fún Gbirigbiri, "gíláàsì dà?"

Ó ní kí Gbirigbiri kó kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì wá. Gbirigbiri fi í lé e lọ́wọ́, ìyẹn lẹ́yìn tó kọ́kọ́ nà án sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Ìlú kó gíláàsì wọn lọ, ìjọba sì fi òmíràn rọ́pò èyí tó sán. Obìnrin ẹnjiníà padà láti ìdí òpó iná, òun ló ń rí sí i pé gbogbo rẹ̀ le dáadáa lójú ọkọ̀. Ìyàwó Gbirigbiri mú ọkọ rẹ̀ lọ bá dókítà ojú. Nígbà tí wọ́n gbé awò sí i lójú, ó wo ìyàwó rẹ̀ títí.

"Ìgbà wo lo hu ewú?"

"Tipẹ́. Ẹ ti ń yìn mí pé mi ò darúgbó rárá."

Láti ibẹ̀ ni Gbirigbiri ti ní kí ìyàwó rẹ̀ gbé òun lọ sílé awakọ̀. Ìyá ilé náà ṣílẹ̀kùn, ó wò ó láti òkè délẹ̀, kò ní kó wọlé, kò sì ní kó máa lọ. Gbirigbiri ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́kàn, ọ̀rọ̀ tó ní orí, tó ní ìrù. Ó wọlé, ó rí awakọ̀ lórí àga, ó sì rí okùn tí wọ́n fi rán egbò náà, tó gùn títí dé ibi tí ìpéǹpéjú ti bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó kan ojú. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó tò fò lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ló sọ. Ìwọ ló ti ń pe bàbá náà láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n. "Mo mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé ojú mi ni. Ẹ jọ̀ọ́."

Awakọ̀ tọ́ka àga sí i. "Èmi náà ni mo purọ́ mọ́ gíláàsì. Ká ní mo sọ pé ojú yín ni..."

"Ǹ bá ti lé yín."

"Ẹ̀ bá ti lé mi. Ṣùgbọ́n orí mi ì bá wà lódidi."

"Ṣé ẹ ti bára yín sọ̀rọ̀ tán?" ìyàwó awakọ̀ dá sí i. "Ọ̀la ni wọ́n máa yọ okùn egbò náà. Ta ló máa gbé e lọ?"

"Èmi ni, mà."

Tọkọtaya náà jọ gbójú sókè, wọ́n wò ó.

"Ìyàwó mi ló máa wakọ̀," ló tètè fi kún un. Ìgbà yẹn ni awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì di egbò rẹ̀ mú torí ẹ̀rín ń fà á.

Ó ku ẹrù díẹ̀ tí Gbirigbiri fi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì. Nígbà tó lọ kó o, Olùdarí tuntun ti dé. Ọ̀sán gangan ni, ooru mú débi pé ògiri ń làágùn. Gbirigbiri fẹ́ kan ilẹ̀kùn, ó bá gbọ́ tí Olùdarí tuntun ń sọ fún ẹnì kan pé yàrá yìí mà tutù díẹ̀. Ó yọjú wo inú rẹ̀ pẹ̀lú awò tuntun, ohun gbogbo sì hàn sí i kedere: fèrèsé ti wà ní títì, Bẹ́ẹ̀-ni-sà wọ ẹ̀wù òtútù lé kóòtù, eyín rẹ̀ ń gbọ̀n gìrìgìrì.